Agolo Tí A Gbé Lọ sí Ìkẹjà

Bí ènìyàn bá bi mí léèrè lónìí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe ní Ẹgbẹ́dá láyé ìgbà yẹn, mo máa ń ní, "Mo ta ọ̀dà díẹ̀." Irọ́ ni. N kò ta ọ̀dà rí láyé mi. Dáírẹ́kítọ̀ ni mí. Mo ní káàdì kan tó ń dán, tí wọ́n tẹ orúkọ mi àti oyè mi sí lára, mo sì ń pín in kiri bí ìwé ìpè ìyàwó. Mo pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo pín in níbi òkú, mo tiẹ̀ fún ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní Akówọnjọ, tí kò mọ ìwé kà. Ìwọ̀nba tó kù nínú káàdì yẹn, èmi fúnra mi ni mo sun ún. Mo fẹ́ sọ ohun tó fà á.

Mẹ́rin ni àwa olórí iléeṣẹ́ náà, mẹ́rin náà sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kò sí akọ̀wé, kò sí ọmọ iṣẹ́, kò sí agbálẹ̀. Bàbá kan tó ti ṣe hẹ́dímásítà fẹ̀yìn tì ni Alága wa. Òun ló ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ọ̀nà Ìdímù, ó sì yọ̀ǹda ìsàlẹ̀ ilé náà fún wa. Ẹnjiníà ni Ọ̀gá Àgbà, òun ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òkè ilé Alága yìí kan náà ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ẹnì kẹta ni Dókítà. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà ìwé ni. Ó ti kàwé lókè òkun títí irun iwájú orí rẹ̀ fi tán, ojú rẹ̀ sì máa ń le bí ẹni tí wọ́n jí ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ. Èmi ni ẹnì kẹrin, èmi nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Ọjà títà ni wọ́n fi mí sí, nítorí wọ́n ní ẹnu mi mú. Ẹnu mi mú lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Bí ilẹ̀ bá ti dọ̀tí, àwọn ọkùnrin á wo ara wọn lójú, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á wá yíjú sí mi. Mo ní, "Ẹ má wò mí o! Dáírẹ́kítọ̀ ìtajà ni wọ́n kọ sí káàdì mi, wọn ò kọ ìgbálẹ̀ síbẹ̀." Dókítà ní òun náà ò la òkun kọjá kí òun tún wá máa bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Ọ̀gá ní kí a fara balẹ̀, tí ọjà bá ti tà a ó gba ènìyàn. Nígbà tó yá, Alága fúnra rẹ̀ ló ń gbá a, nítorí ojú hẹ́dímásítà kò lè rí pàǹtí kó dákẹ́. Àgbàlagbà á bẹ̀rẹ̀, á máa gbálẹ̀ yí wa ká, àwa mẹ́ta á gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè rí abẹ́ àga gbá, a ó sì máa sọ̀rọ̀ nípa bí a ó ṣe tajà dé Gánà.

Ohun tí à ń ṣe ò ṣeé ṣàlàyé fún aládùúgbò. Amọ̀ funfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ níhà Abẹ́òkúta. A ó yan án nínú iná, a ó dà á sínú àgbá irin kan pẹ̀lú òkúta róbótó róbótó, àgbá náà á máa yí, á máa yí, títí amọ̀ náà á fi kúnná ju àtíkè lọ. Dókítà ní ẹyọ kan nínú rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, àti pé bí wọ́n bá pò ó mọ́ ọ̀dà, òjò ò ní lè bó ọ̀dà yẹn kúrò lára ògiri mọ́. Lónìí mo ń gbọ́ lórí rédíò, àwọn ọmọ kéékèèké ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní nanotẹkinọ́lọ́jì, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwa ńkọ́? Ilé ẹlẹ́lùbọ́ ni wọ́n ń pè wá ní àdúgbò. Obìnrin kan tiẹ̀ gbé iṣu gbígbẹ wá nínú bàsíà, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun lọ̀ ọ́, òun ò fẹ́ kó kúnná jù. Dókítà lé e dé ojú títì.

Ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Iléeṣẹ́ ọ̀dà ńlá kan ní Ìkẹjà ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ipò tó dára ló sì wà. Ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìyẹ̀fun òun yìí á sọ ọ̀dà wọn di ọba, wọ́n ní àlá ló ń lá. Inú bí i, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ì bá jẹ́ pé ó lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́! Ó dúró láàárín ibi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ bá tún rí ẹsẹ̀ mi níbí, ọjà ni mo gbé wá tà fún yín." Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Àwọn kan náà nìkan ló tóbi tó láti ra ohun tí à ń ṣe. Bí wọ́n bá rà á, ó ti borí. Bí wọn ò bá rà á, àgbá irin yẹn á padà sọ́dọ̀ ẹni tó yá wa, Ọ̀gá á sì padà lọ bẹ̀bẹ̀ fún àga tó fi sílẹ̀, èyí tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àtijọ́ ti jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti fojú sọ́nà títí. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́ fún wa. A ń rí i lójú rẹ̀ láràárọ̀.

Ọmọ tuntun yìí ló gbé ìyá Ọ̀gá wá sí Èkó láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wá wẹ ọmọ, ó sì gbé odidi àpò láfún kan dání, nítorí láfún ló tà láti ìgbà èwe rẹ̀. Láfún yẹn ló fi rán Ọ̀gá nílé ìwé títí dé yunifásítì. Alága ló sọ ìyẹn fún mi, Ọ̀gá ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Màmá kúrú, ó fẹ́lẹ́, tẹ̀súbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kọjá kó má kí i. Á pọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, á dúró ti àgbá irin wa, á máa wò ó bó ṣe ń yí. Á ní, "Alihamudulilai! Ká ní mo ní irú èyí nígbà tí mò ń gún odó ni, ìbàdí mi ì bá má rí báyìí." Á wá yíjú sí Dókítà, á ní, "Dókítà, ẹ ti ṣe dáadáa o. Ó kúnná." Dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín á rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ràn Màmá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ara Ọ̀gá kì í lélẹ̀ tó bá ti wà nísàlẹ̀. Bí àlejò bá ti kan ilẹ̀kùn báyìí, Ọ̀gá á ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ìyá ọmọ lókè." Lọ́jọ́ kan, ẹni méjì wá láti báńkì, wọn ò tíì jókòó tán tí Màmá fi gbé omi wọlé. Ó kí wọn, ó gbàdúrà fún wọn, ó ní òun lòun bí ọ̀gá iléeṣẹ́, ó ní láfún lòun fi tọ́ ọ. Àwọn ará báńkì ń rẹ́rìn-ín ayọ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹni tí eyín ń dùn ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí àkàbà, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ ohun tó sọ. Màmá ò gbé omi wá fún àlejò mọ́.

Nígbà tó yá, máníjà iléeṣẹ́ ọ̀dà ránṣẹ́ pé kí a mú sáńpù wá. Dókítà yan amọ̀, ó lọ̀ ọ́, ó tún un lọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí i. Èmi ni mo dì í. Mo fọ agolo mílíìkì ńlá kan, mo sá a sóòrùn, mo lẹ bébà tí a tẹ orúkọ iléeṣẹ́ wa sí mọ́ ọn lára. Mo gbé ìyẹ̀fun náà lórí ìwọ̀n. Iye tí wọ́n ní kí a mú wá ò kún agolo, ó kù díẹ̀ kó dé ọrùn rẹ̀. Màmá dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọmọ, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ìyàwó mi, agolo yẹn ò kún."

"Ó ti tó, Màmá. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí á mú wá nìyẹn."

"Kò kún, mo ní! Kí lẹ pè é, ṣebí ìtọ́wò ni? Ìtọ́wò gan-an ló yẹ kó kún jù. A kì í gbé agolo tó jìn nínú fún oníbàárà tuntun. Èènì ńkọ́?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èènì tó ń wí yìí ni ẹ̀kún ọwọ́ tí ọlọ́jà máa ń bù lé ọjà lẹ́yìn tó bá ti wọ̀n ọ́n tán, tí àwa ọmọ Èkó ń pè ní jàrá. Mo ní, "Màmá, àwọn ará Ìkẹjà yìí ò mọ èènì jàre. Ìwé ni wọ́n mọ̀."

"Ta ni ò mọ èènì? Àbí wọn kì í ṣe ọmọ ènìyàn ni? Wò ó, tí ọjà bá kún, tó ṣe góńgó lórí, ẹni tó gbà á á mọ̀ pé ọmọ ẹni kan ló tà á fún òun. Tó bá jìn nínú, á ní bóyá igi ló bí olúwarẹ̀."

Mo ní ó dáa, mo gbọ́. Mo dé ọmọrí agolo náà, mo gbé e sórí tábìlì kí Ọ̀gá lè rí i gbé bó bá jí. Màmá ń kùn títí ó fi gun àkàbà lọ. N kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo gba ilé mi lọ ní Akówọnjọ. Ọ̀gá gbé agolo náà lọ sí Ìkẹjà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò ṣí i wò. Kí ló fẹ́ ṣí i fún?

Wọ́n ní àwọn gbà á, àwọn á fi í pamọ́ sí yàrá ẹrù bí àwọn ṣe ń fi ọjà gbogbo pamọ́, kí àwọn lè mọ bó ṣe máa ń rí lásìkò òjò, lẹ́yìn náà àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Òjò ọdún yẹn rọ̀ bí ẹni ń bínú. A ń dúró. Ọmọ tuntun ti ń gbé orí dúró, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Ọ̀gá ní kí Màmá máa lọ sinmi nílé, Màmá ní rárá, òun ò ní lọ láìjẹ́ pé etí òun gbọ́ pé wọ́n ti ra ọjà ọmọ òun.

Ìpè dé. Wọ́n ní kí gbogbo àwa olórí iléeṣẹ́ wá pátá. Háà! Inú wa dùn. Alága ní kò sí ẹni tí í kó odidi ìgbìmọ̀ jọ torí kó lè sọ fún wọn pé rárá. Èmi dirun tuntun. Dókítà wọ táì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti òkè òkun. Alága wọ kóòtù tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá a lọ́lá nílé ìwé rẹ̀. Nígbà tí a jáde sí ibi tí mọ́tò Ọ̀gá wà, Màmá ti jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ó fi ìbòrí funfun bo orí, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́.

Ọ̀gá ní, "Màámi, níbo lẹ ń lọ?"

"Ibi tí ẹ̀ ń lọ náà ni."

"Màámi, ìpàdé ni o. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé."

"Ta ló fẹ́ wọlé? Ìta ni màá jókòó sí, màá máa bá ọ bẹ Ọlọ́hun."

Ọ̀gá wo Alága bí ẹni tó ń wá olùgbèjà. Alága ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá wa bá wa lọ." Láàárín wa, tí Alága bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ọ̀gá wọ iwájú mọ́tò, ó pa ilẹ̀kùn gbà-á. Màmá wà láàárín èmi àti Dókítà, ó ń gbàdúrà lọ́wọ́ kan, ó ń kí gbogbo ibi tí a ń gbà kọjá lọ́wọ́ kejì.

Nígbà tí a débẹ̀, Ọ̀gá wá bẹ́ǹṣì kan nísàlẹ̀, èyí tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà jù, ó fi Màmá jókòó síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún un pé, "Màámi, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o. Bí wọ́n bá kí yín, ẹ kàn dá wọn lóhùn, ó tán."

Màmá ní, "Ṣé odi ni mí ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni, àṣé kì í ṣe àwàdà.

Wọ́n mú wa gòkè sínú yàrá ìpàdé. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń rí sí ọjà rírà, obìnrin kan náà wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀, òun ló ń yẹ ọjà wò. Máníjà ò tíì dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí a má bínú, òun dúró kí àgbàlagbà kan nísàlẹ̀ ni. Máníjà yìí ni ọmọ ẹ̀yìn Ọ̀gá tí mo sọ, tó jókòó sí àga rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tí ojú wa ti rí yín níbí."

Ọ̀gá dìde, ó sọ̀rọ̀. Kò sí irọ́ ńbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó tọ́ka sí wa níkọ̀ọ̀kan: Alága wa nìyí, olórí ìwádìí wa nìyí, olórí ìtajà wa nìyí. Mo fún wọn ní káàdì mi. Máníjà bèèrè bí òṣìṣẹ́ wa ṣe pọ̀ tó. Ọ̀gá ní, "Wọ́n pọ̀ díẹ̀." Mo wo bàtà mi.

Obìnrin aláṣọ funfun wá gbé agolo wa jáde. Ó tẹ́ bébà funfun kan sórí tábìlì, ó fi ṣíbí ṣí ọmọrí náà. Òórùn kan jáde. Mo mọ òórùn yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́jú oúnjẹ gbígbẹ lásìkò òjò mọ̀ ọ́n. Ìyẹ̀fun wa ti dì mọ́ra ní ìṣù ìṣù, ó ti hu lórí. Kòkòrò dúdú kékeré kan yọjú láàárín ìṣù méjì, ó bọ́ sórí bébà, ó ń rìn lọ. Kò kánjú rárá. Òmíràn tẹ̀lé e.

Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. N kò tíì rí òkúta tí kòkòrò ń jẹ rí." Bàbá tó ń rí sí ọjà rírà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Dókítà na ọwọ́, ó fi ìka méjì fọ́ ìṣù kan, ó gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó ní, "Láfún." Ó rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́.

Mo rí Màmá lójú ọkàn mi, bó ṣe tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ tán, tó ṣí agolo yẹn, tó bu láfún tó dára jù nínú àpò rẹ̀, tó fi dí ibi tó jìn, tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó tún bù lé e. Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá ó gbàdúrà sí i. Alága wo Ọ̀gá. Dókítà wo Ọ̀gá. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ti mọ ẹni tó ni láfún nínú ilé yẹn.

Máníjà ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe débẹ̀?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í, ohùn ẹni tó ti mọ̀dí ọ̀rọ̀, tó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu olúwarẹ̀. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì le! Ká ní Ọ̀gá sọ pé, "Ìyá mi ni o, èènì ló rò pé òun fi sí i," gbogbo wa ì bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Yorùbá ni gbogbo wa nínú yàrá yẹn, kò sẹ́ni tí ìyá rẹ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé sọ ọ́, ọkùnrin yìí, sọ ọ́.

Ọ̀gá fa táì rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń gbálẹ̀. Ará oko ni, kò mọ nǹkan kan. Òun ló máa ṣe é. A ti lé e."

Yéè! Alága, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ilẹ̀ ilé yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó wọ kóòtù, sorí kọ́. N kò lè wo ojú rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Máníjà fi ìka ti kòkòrò kan padà sórí bébà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo Ọ̀gá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi àti Màmá ti kíra nísàlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni yín. Wọ́n ní àwọn fi èènì sí i fún wa, wọ́n sì bi mí pé ṣé a rí i."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, èmi àti irun tuntun tí mo dì, àti káàdì tó ń dán níwájú wọn lórí tábìlì. Ojú láfún ò tì mí o. Kòkòrò náà ò tì mí lójú. Ojú tì mí pé a mú ìyá ènìyàn wá láti Ẹgbẹ́dá láàárín wa, a sì sọ ọ́ di agbálẹ̀ tí a ti lé. Inú sì ń bí mi débi pé bí kì í bá ṣe ibi tí a wà, mi ì bá gbá Ọ̀gá létí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi, ní ọjọ́ orí mi.

Ohun tó tún dunni ni pé wọn ò lé wa. Máníjà ní kò sí wàhálà, kí a mú agolo mìíràn wá, àwọn á tún un wò, nítorí ibi tí láfún ò dé nínú ìyẹ̀fun náà dára. Ọ̀gá ní a ó mú un wá. Dókítà tún lọ̀ ọ́, mo tún dì í, agolo náà sì wà lórí tábìlì níbẹ̀ títí eruku fi bò ó. Ẹ̀mí mi ò gbé e láti ta ọjà náà mọ́, Dókítà kì í bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ mọ́, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò sì rójú tó máa fi wo máníjà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wá gbé àgbá irin lọ. Ọ̀gá kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ìlú mìíràn, ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Kòkòrò kọ́ ló jẹ iṣẹ́ wa run.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ṣì ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Màmá. Máníjà tẹ̀lé wa. Màmá ti dìde dúró, ó ń wo ojú wa ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni ń ka ìwé tí kò yé e. Kí Ọ̀gá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, máníjà kọjá lára rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, tòun ti kóòtù, níṣojú ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti àwọn tó ń wọlé tó ń jáde. Ó ní, "Màmá, a rí èènì yín o. Ẹ ṣé. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Ó gbàdúrà fún un, ó gbàdúrà fún ìyá tó bí i, ó gbàdúrà fún ilé ọ̀dà yẹn pé ọjà wọn ò ní kùtà. Àdúrà náà gùn. Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Nínú mọ́tò, Dókítà kọjú sí wíńdò tirẹ̀, èmi kọjú sí tèmi, Alága wà níwájú, ó la ìwé àdúrà rẹ̀ sórí itan, kò sì kà á. Màmá nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí a ti ń sún mọ́ Ẹgbẹ́dá, ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ léjìká bí a ti ń pa ọmọdé.

Ó ní, "Ọkọ mi, ìwọ lo ní kí n má bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ṣé o wá rí bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe dọ̀bálẹ̀? Ó ti yé wọn báyìí pé ọmọ ẹni kan ni ọ́."

Ọ̀gá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."